Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún inú ilé àtijọ́ kan rò fún pírójẹ́ẹ̀tì? Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún yín. Ẹ gbé fóònù, ẹ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò jọ: iná tó rọ̀ wálẹ̀ látòkè, àga aláwọ̀ ewé, ògiri bíríkì tí wọn ò rẹ́, gíláàsì káàkiri. Wákàtí mẹ́ta ti lọ, fọ́tò ti tó igba, ẹ ò sì tíì mọ nǹkan kan nípa ilé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì mi nílé ìwé, máàkì tí mo gbà lọ́jọ́ náà, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ tà. Àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ti jẹ láàárín, ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ti fi dán lójú kan, péńtì mẹ́rin tó gun ara wọn lórí, kò sí owó tẹ́ ẹ lè fi ra ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé iṣẹ́ wa ni ká wọ aṣọ tuntun fún ilé náà láti orí dé àtàǹpàkò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tá a bá fi sílẹ̀ ló máa ń gbé ohun tá a fi kún un yọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Kó má bàa di ọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú ilé kan dání títí a ó fi parí: ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ò dé mọ́, yàrá ìdúró ńlá kan, yàrá tíkẹ́ẹ̀tì, pèpéle níta, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ilé ìkàwé fún àwọn ọmọdé.

1. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ná

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta: láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, ẹ jókòó sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ibo loòrùn ń gbà wọlé? Ibo ló dé lórí ilẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin? Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tẹ́tí: tí ìró yẹn bá ń yí lórí yín kó tó kú, ẹ ti mọ̀ pé yàrá yẹn ò lè gba ọgbọ̀n ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi tẹ́ ẹ bá wá nǹkan rírọ̀ sí i. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ náà. Igun tó bá ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ, omi ń wọ ibẹ̀ láti ibì kan, ẹ má sì lọ to ìwé síbẹ̀.

Ẹ wo àwọn èèyàn tó ń lo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí sí Ítálì tó di ọmọ Brazil, ni wọ́n pè pé kó wá wo ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àgbá tẹ́lẹ̀ ní São Paulo. Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ Sátidé, ó bá àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, ó bá ìyá àti bàbá àti arúgbó tí wọ́n ń gbafẹ́ láàárín ògiri bíríkì yẹn, ló bá pinnu pé ayọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Kò wó ilé iṣẹ́ náà. Ó fi omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, ó fi ibi tí wọ́n ti ń dáná yá sí i, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn máa bá ìgbafẹ́ wọn lọ. SESC Pompéia ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1977, wọ́n parí ẹ̀ ní 1986. Tó bá jẹ́ pé orí fóònù ló jókòó sí, kò ní rí àwọn ọmọ yẹn.

2. Ẹ wá ìwé ilé náà

Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ, kí ni wọ́n fi ṣe, ta ló fi kí ni kún un lẹ́yìn náà. Ẹ wá pláànù àtijọ́ níbi tí ìjọba ń kó ìwé pa mọ́ sí, ẹ wá fọ́tò láyé ọjọ́un. Fọ́tò kan péré lè fi hàn yín pé sílín tẹ́ ẹ ń wò yẹn, àwọn tó wá lẹ́yìn ló so ó mọ́bẹ̀, àjà onípákó gidi ṣì wà lókè ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí òfin sọ, torí òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní England, ilé tí ìjọba bá ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé àtijọ́, inú àti ìta ẹ̀ ni òfin dè pọ̀. Ní New York, ẹ̀gbẹ́ ìta lè wà lábẹ́ ààbò kí inú ẹ̀ má sí níbẹ̀, láti 1973 ni wọ́n ti ń yan inú ilé lọ́tọ̀. Olùkọ́ yín lè má béèrè, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi òfin ìlú tí ilé yẹn wà sójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n á ti mọ̀ pé kì í ṣeré.

3. Wíwọn

Ibi tí gbogbo èèyàn ń sáré kọjá nìyí, òun náà ló sì ń dójú tini jù. Ilé àtijọ́ kì í gún. Ògiri ẹ̀ ti sún, ilẹ̀ ẹ̀ ti rì lápá kan. Èmi yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mo wọ̀n nínú yàrá kan, mo ní ṣebí ẹ̀gbẹ́ kejì á bá a dọ́gba, mo lọ sílé mo ya ṣẹ́ẹ̀fù ìwé tó gùn láti ògiri dé ògiri, ó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà débi pé mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tá a gbé téèpù padà, ẹ̀yìn yàrá náà fi sẹ̀ǹtímítà 14 kéré sí iwájú ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù mi ò lè wọlé láéláé àfi tá a bá wó ògiri, ògiri tí wọ́n sì ní ká má fọwọ́ kàn nìyẹn.

Èèyàn mẹ́ta ló dáa kó lọ: ọ̀kan di orí téèpù mú, ọ̀kan ń ka nọ́ńbà, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya yàrá náà sórí ìwé ńlá kan, kò dìgbà tó bá rẹwà. Ẹ tẹ́ téèpù sílẹ̀ láti igun kan, ẹ máa ka gbogbo nǹkan látorí òdo kan náà, etí ilẹ̀kùn mítà 1.20, etí kejì ẹ̀ 2.14, etí fèrèsé 3.05, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Tẹ́ ẹ bá ń gbé téèpù láti nǹkan kan sí òmíràn, àṣìṣe kéékèèké á máa gun ara wọn lórí, kẹ́ ẹ tó dé igun kejì ó ti di nǹkan ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n láti igun kan gba àárín yàrá kọjá sí igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun méjì tó kù. Bí méjèèjì ò bá gùn bákan náà, yàrá yẹn ti wọ́, pláànù yín sì gbọ́dọ̀ wọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má bá a tún ara ṣe. Gíga àjà, ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nínípọn ògiri, ojú ilẹ̀kùn lẹ ti máa rí i. Bí fèrèsé ṣe ga sílẹ̀ tó, ẹ má gbàgbé, torí ìjókòó ọmọdé lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha péńtì wò. Péńtì àtijọ́ lè ní òjé nínú, ìyẹn lead tó jẹ́ májèlé, Amẹ́ríkà fòfin de irú péńtì bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé ní 1978, àwọn ilé tó ṣáájú ìyẹn wá ńkọ́? Asbestos, ohun bí òwú tí wọ́n ń fi dènà iná tẹ́lẹ̀, náà lè wà nínú sílín, nínú táìlì orí ilẹ̀, lára ohun tí wọ́n fi di páìpù, èruku ẹ̀ ò sì ṣeé fà símú. Ilẹ̀ onípákó tó bá ń mì, ẹ má bọ́ sórí ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò láti ẹnu ọ̀nà, ó tó.

4. Pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́ta

Ẹ tẹ pláànù tẹ́ ẹ wọ̀n jáde, ẹ mú pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́ta. Dúdú: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Búlúù: a lè yí i díẹ̀, kí ìdí sì wà fún un. Àwọ̀ ewé: ó lè lọ. Ẹ kun gbogbo ògiri, gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo táìlì. Kì í ṣe ohun tó dàgbà jù nìkan ló máa gba dúdú o, nǹkan táwọn èèyàn fi kún un ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé náà lè níyì tiẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ wa, àwọ̀ ewé ni wáyà tó fà káàkiri àti ògiri pákó tí wọ́n fi pín yàrá ìdúró sí méjì. Búlúù ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ bá mi wo fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Kò tóbi ju ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló dábùú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ pákó líle kan, àárín pákó yẹn sì ti jinlẹ̀ bí àwo, níbi tí ọwọ́ ti ń ti owó wọlé tí ọwọ́ mìíràn sì ń ti tíkẹ́ẹ̀tì jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi ìka kàn án, ó tutù, ó ń yọ̀ bí òkúta odò. Lára ògiri tó wà lábẹ́ ẹ̀, péńtì ti ṣí níbi tí orúnkún àwọn tó tò sórí ìlà ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi bọ́ọ̀dù bo ibẹ̀, kó fi péńtì funfun kùn ún, ó ti ju iṣẹ́ ẹ̀ nù kó tó bẹ̀rẹ̀. Dúdú ni, dúdú tó pọ́n dandan.

5. Kí ni ilé yìí lè ṣe?

Nígbà míì olùkọ́ á sọ ohun tí ilé náà máa dà, nígbà míì ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ má yan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ yan ohun tí ara ilé náà gbà. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Orsay ní Paris ní 1900. Nígbà tó fi máa di 1939 ọkọ̀ ojú irin ti gùn ju pèpéle ẹ̀ lọ, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ò dé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn gígùn tó ní òrùlé gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń rọ̀ wálẹ̀ sínú ẹ̀, ère wo ni kò ní fẹ́ dúró síbẹ̀? Ní 1986 ó di ilé ọnà. Àléébù tó lé ọkọ̀ ojú irin lọ kò dí ère lọ́wọ́ rárá.

Ẹ pa ìlà sórí ìwé. Lápá òsì, ẹ kọ gbogbo ohun tí ilé ìkàwé ọmọdé nílò: ibi ìkàwé tó dákẹ́, ibi ìtàn tó máa ń pariwo, ibi ìwé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi táwọn òbí máa dúró, ibi tí òṣìṣẹ́ máa jókòó tí á fi lè rí gbogbo ọmọ. Níwájú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bó ṣe fẹ́ tóbi tó, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́, ariwo ẹ̀, bóyá ó fẹ́ omi. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé náà ní. Kẹ́ ẹ wá so wọ́n pọ̀. Ẹ máa rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀ á fúnra ẹ̀ jókòó sí àyè ẹ̀.

Ohun kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í rò ni pé ìwé wúwo. Ìlànà ìkọ́lé tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ní kí ilẹ̀ yàrá gbígbé lè ru nǹkan bíi kìlógíráàmù 195 lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá to ìwé sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù gbọ́dọ̀ lè ru nǹkan bíi 730. Ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Torí náà, ìwé yín máa wà ní ìsàlẹ̀, lórí ilẹ̀ líle, bí ilé bá sì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìjókòó ló máa wà fún. Ìdí kan ṣoṣo yìí lè to gbogbo pláànù yín.

6. Gbólóhùn kan ṣoṣo

Kẹ́ ẹ tó ya nǹkankan, ẹ kọ gbólóhùn kan. "Àtijọ́ pàdé òde òní" kì í ṣe gbólóhùn, gbogbo kíláàsì ló máa kọ ìyẹn, kò sì sọ ibi tí ẹ máa gbé àga sí fún yín. Gbólóhùn tó dáa máa ń pàṣẹ. Ní Cape Town, nígbà tí ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé Heatherwick fẹ́ sọ ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọkà pa mọ́ sí di ilé ọnà Zeitz MOCAA, ihò kọnkéré gígùn 42 ló wà nínú ẹ̀, kò sí yàrá tó ṣeé dúró sí. Wọ́n mú hóró àgbàdo kan, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di gìrìwò, wọ́n wá gé ìrísí ẹ̀ kúrò láàárín àwọn ihò yẹn. Èèyàn wọ inú ẹ̀ lónìí, ó gbé ojú sókè, inú hóró àgbàdo ló wà. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Hóró àgbàdo yẹn ni gbólóhùn wọn, ó kéré, ó wá látinú ìtàn ilé náà fúnra ẹ̀, gígé tí wọ́n gé e sì tẹ̀ lé e.

Tiwa lè rí báyìí: "Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò ni ọmọ á ti máa yá ìwé, ọ̀nà tí èrò ń gbà dé pèpéle sì ni ọmọ á máa gbà dé ibi ìkàwé." Ẹ wò ó, ẹ ti mọ ibi tí káńtà wà, ẹ ti mọ ibi tí èèyàn ń gbà rìn, ẹ ti mọ̀ pé pèpéle níta máa di ibi ìkàwé tó ní ibòòji. Ìgbàkígbà tí ọkàn yín bá ń fà sí nǹkan tẹ́ ẹ rí lórí fóònù, ẹ bi gbólóhùn yìí bóyá ó fẹ́ ẹ.

7. Ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ní 1964, àwọn ayàwòrán ilé àtàwọn onímọ̀ nípa ilé àtijọ́ pàdé ní Venice, wọ́n kọ ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi nǹkan rọ́pò èyí tó sọnù, kó bá ìyókù mu, àmọ́ kí ojú lè mọ̀ pé tuntun ni. Wọn ò fẹ́ ayédèrú. Àwọn ará Australia tún kọ tiwọn ní ìlú Burra ní 1979, kókó tiwọn ni pé kẹ́ ẹ yí èyí tó bá pọn dandan padà, kó sì kéré tó bó ṣe lè kéré tó. Èmi máa ń fi tèmi kún un fún akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ iṣẹ́ yín kúrò ní ogún ọdún sí i, ṣé ó lè yọ ọ́ láì dá ilé náà lọ́gbẹ́?

Mo mọ ọ̀nà mẹ́ta táwọn ọ̀gá ti gbà ṣe é. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí tuntun dá dúró bí àpótí nínú yàrá. Ní Maastricht, ní Netherlands, wọ́n fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá di ilé ìtàwé. Ìsọ̀ náà ń fẹ́ mítà 1,200 níbùú lóròó, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ò ju 750 lọ. Merkx àti Girod, àwọn ayàwòrán ilé tó ṣe é, gbé ṣẹ́ẹ̀fù irin dúdú gàgàrà kan kalẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn nínú, èèyàn ń gùn ún lọ sókè bí ilé alájà, ìwé wà lọ́tùn-ún lósì. Apá kan ni wọ́n gbé e sí, apá kejì ṣófo láti ilẹ̀ dé òrùlé kí ojú ṣì lè rí bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ga tó. Ẹni tó bá gùn ún dókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú kan àwòrán ara òrùlé tí kò sẹ́ni tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọgbọ́n yẹn wù mí kọjá sísọ.

Èkejì, ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Carlo Scarpa, ayàwòrán ilé ará Ítálì, ló kọ́ wa nìyẹn ní Castelvecchio, ilé odi àtijọ́ tó di ilé ọnà ní Verona, láàárín 1958 sí 1964. Ilẹ̀ tuntun tó tẹ́ sínú ilé odi àtijọ́ yẹn kò kan ògiri, ó dá dúró bíi kápẹ́ẹ̀tì, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn yí ká. Ìka mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún ojú pé: èyí ti wà, èyí dé bá a. Ó tún yanjú ìṣòro ògiri tí ò gún, torí ilẹ̀ yín lè gún kí ògiri wọ́ bó ṣe fẹ́. Ká ní mo ti mọ èyí nígbà ọ̀ràn ṣẹ́ẹ̀fù mi!

Ẹ̀kẹta, ẹ parí gbólóhùn tí ilé náà ò parí. Neues Museum, ilé ọnà kan ní Berlin, bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àtẹ̀gùn ńlá àárín ẹ̀ run. David Chipperfield, ayàwòrán ilé ará Britain, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé àtẹ̀gùn tuntun sójú ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà, ó gba ọ̀nà kan náà gòkè, àmọ́ kọnkéré funfun tí wọ́n po mọ́ ẹ̀rún mábù ni, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ògiri tó yí i ká ṣì jẹ́ bíríkì tó ti rí ogun. Ọdún 2009 ni wọ́n tún un ṣí.

Ẹ wá mú un wá sí ibùdókọ̀ wa. Ibi ìtàn tó ń pariwo lè jẹ́ yàrá pákó kékeré tó dá dúró láàárín yàrá ìdúró, kò kan ògiri, kò kan àjà, orí ẹ̀ ni àwọn ọmọ á gùn lọ jókòó. Ògiri ibùdókọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 50, nítorí náà inú ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan gba ìjókòó ọmọ kan pẹ̀lú tìmùtìmù, wọn ò sì lu ihò kankan. Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ní ẹsẹ̀ tó ṣeé yí sókè yí sílẹ̀ torí ilẹ̀ tó ti rì, ó fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ògiri, wáyà iná sì ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ní fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí mo máa fi kún un ni àpótí kan lápá inú tí ọmọ á máa ju ìwé tó ti kà tán sí. Kí ọwọ́ ọmọ máa gba inú pákó tó jinlẹ̀ yẹn kọjá. Irin mẹ́ta yẹn ńkọ́? Wọn ò fún ara wọn tó láti dí ìwé ọmọdé lọ́wọ́, mo ti fi ìwé wọ̀n ọ́n wò.

8. Ohun èlò, àwọ̀, iná, ariwo

Lórí símẹ́ǹtì, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ bíríkì àtijọ́ rọ̀, lime tí wọ́n sun látara òkúta ẹfun ni wọ́n fi mọ ọ́n. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń mu omi díẹ̀, ó sì ń tú u jáde padà láti ojú lime yẹn. Bíríkìlà tó bá wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ torí ó le, ó ti dí imú ẹ̀, omi á há sínú, ojú bíríkì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ ohun èlò sára àwòrán yín, ẹ kọ lime, kẹ́ ẹ sì kọ péńtì tí ògiri lè mí látinú ẹ̀.

Àwọ̀, inú ilé náà lẹ ti máa mú un. Ẹ ya fọ́tò ibi márùn-ún tí oòrùn ń dé, ìpata irin, péńtì tó ṣí, táìlì, pákó, ẹ fi wéra pẹ̀lú káàdì àwọn oníp­éńtì, ẹ mú mẹ́ta. Ó parí.

Iná tó pọ́n díẹ̀, bíi kelvin 2,700 sí 3,000 (kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná), ń bá bíríkì àti pákó mu. Ibi ìkàwé fẹ́ nǹkan bíi lux 500 lórí ìwé (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú nǹkan), fọ́tò àti ìwé àtijọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi han àwọn èèyàn ò sì yẹ kó gbà ju bíi 50 lọ kó má bàa ṣá. Ẹ gbé iná sórí òpó tó dá dúró tàbí sára ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má máa lu àjà. Ní ti ariwo, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tínì tó nípọn, ìwé fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ń gbé ìró mì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ pàtẹ́wọ́ lọ́kàn yín.

9. Èyí yẹ kó ti wà lókè

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní nọ́ńbà kẹta, torí ibẹ̀ lẹ ti gbọ́dọ̀ rò ó: báwo ni ọmọ tó ń lo àga onítáyà ṣe máa wọlé? Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá ga ní mítà kan gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 12. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ 45, ó sì máa gba mítà 5.4. Ẹ ò lè rí mítà márùn-ún há sí igun kan ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ kù dẹ̀dẹ̀. Àga náà fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150 láti fi yí po. Kí ọmọ yẹn sì gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbà, ẹ má lé e gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ibùdókọ̀, oríire yín ni, pèpéle sábà máa ń wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀ inú.

10. Àwòrán, módẹ́ẹ̀lì, àti dídúró síwájú wọn

Pláànù ní 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún àádọ́ta nínú ilé gidi. Section ní 1:50, ìyẹn àwòrán tó dà bíi pé ẹ fi ayùn la ilé náà látòkè dé ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń wo inú ẹ̀; fún ilé àtijọ́ òun ló ń sọ̀rọ̀ jù, torí òun ló ń fi gíga hàn, ẹ ya èèyàn sínú ẹ̀, ẹ ya ọmọdé. Kẹ́ ẹ tún ya ibi kan ṣoṣo tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ní 1:5, pẹ̀lú bóòtù ẹ̀, pẹ̀lú àlàfo ẹ̀. Àwòrán kan bẹ́ẹ̀ ju ogún àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń dán lọ lójú ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ ya pláànù náà lẹ́ẹ̀mẹta: bó ṣe wà, ohun tó yí, bó ṣe máa rí. Ní Ítálì àti Switzerland, èyí tó bá kù dúdú ni, èyí tí wọ́n máa wó yẹ́lò ni, tuntun jẹ́ pupa, ó sì rọrùn fún ojú láti kà. Módẹ́ẹ̀lì, ẹ fi páálí eléérú ṣe ilé àtijọ́, ẹ fi pákó tín-ín-rín ṣe ohun tẹ́ ẹ fi kún un, kó sì ṣeé fà yọ. Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ fà á yọ lójú wọn, kẹ́ ẹ fi hàn pé ilé náà ṣì wà bẹ́ ẹ ṣe bá a, lẹ́yìn náà ẹ dá a padà. Ẹ ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Wọ́n á béèrè pé kí lẹ fi sílẹ̀, kí ló dé. Ẹ ní ojú ìwé kan fún ìyẹn nìkan, fọ́tò ohun tí ẹ ò fọwọ́ kàn, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tẹ ìwé kan jáde wò kó tó di ọjọ́ náà, torí ìlà yẹ́lò tó hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà kì í sábà hàn lórí ìwé funfun, mo ti rí ẹni tí gbogbo ògiri tó fẹ́ wó pòórá lójú àwọn onídàájọ́, wọ́n rò pé kò fẹ́ wó nǹkankan. Ẹ jẹ́ kó ṣú díẹ̀ bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n.